Òwú Tó Já Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn ẹnjiníà àti mẹkáníìkì ọmọ Yorùbá ní Kubwa, Abuja, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya kọjá kí ẹ tó débí. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo júbà. Iṣẹ́ tí Alága rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn tó ń ronú ọkọ̀ àti àwọn tó ń to ọkọ̀ ṣe lè máa mọ ohun tí ara wọn ń ṣe, nígbà tó jẹ́ pé sọ́fítíwíà ló ń darí ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ọkọ̀ báyìí. Màá ti Kaduna bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀.

Ọmọ Òmù-Àrán ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Kakuri ní Kaduna ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ Peugeot tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1975 ló gbà wọ́n. Ẹ̀ka ilẹ̀kùn ni wọ́n wà. Ilẹ̀ Faransé ni ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń wá nínú àpótí, àwọn bàbá mi á tú àpótí, wọ́n á tò ó di Peugeot 504. Bí ẹ bá bi wọ́n nípa ilẹ̀kùn 504, wọ́n á ka síkúrù inú rẹ̀ fún yín láì wo ìwé. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́, inú àpótí ló wà. Bí àwọn ará Sochaux, fáktọ́rì Peugeot ní Faransé, bá yí nǹkan kan padà, yóò hàn: ihò á sún, irin á nípọn sí i, bóòtù kò ní wọlé. Ọwọ́ á ti mọ̀ kí lẹ́tà tó dé.

Ọkọ̀ òde òní ti kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ olówó gọbọi kan lè ní kọ̀ǹpútà kéékèèké tó tó 100 nínú: èyí tó ń darí bírékì, èyí tó ń darí ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, èyí tó ń wò ó bóyá ènìyàn wà lórí ìjókòó iwájú. Brain box ni àwọn mẹkáníìkì wa ní Apo àti Kugbo ń pe gbogbo wọn, orúkọ náà sì dára lójú mi. Okùn wáyà méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, nípa ìlànà tí wọ́n ń pè ní CAN, tí Bosch gbé jáde ní 1986. Nísinsìnyí, bí ẹnì kan ní Jámánì tàbí Ṣáínà bá yí nọ́ńbà kan padà nínú sọ́fítíwíà lálẹ́ àná, àpótí tó dé Kaduna láàárọ̀ yìí kò ní wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò kò sún. Bóòtù wọlé wẹ́rẹ́. Ọkọ̀ mìíràn lẹ ń tò, ọwọ́ yín kò sì lè mọ̀.

Òfì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Kí Toyota tó ṣe ọkọ̀, ẹ̀rọ ìhunṣọ ni ìdílé Toyoda ń ṣe. Ní 1924, Sakichi Toyoda gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí òwú kan bá já. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn rí á mọ ìdí rẹ̀: òwú tó já tí o kò tètè rí, gbogbo ohun tí o hun lé e lórí ni wàá tú. Wọ́n gbé èrò yẹn wọ inú iṣẹ́ ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí àléébù lójú láìnì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ní ìpele-ìpele, lè fa okùn kan, ọ̀gá á sáré wá, láìnì á dúró bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú. Mo fẹ́ràn ìlànà náà gan-an, torí ó fún ẹni tó kéré jù ní fáktọ́rì lágbára láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n àléébù tí ojú lè rí tí ọwọ́ sì lè kàn ni wọ́n ṣe é fún. Ta ni yóò fa okùn fún òwú tí ojú kò rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ń to bọ́ọ̀sì kékeré nílẹ̀ Hausa, mo sì wà lára àwọn tó ń yẹ bọ́ọ̀sì náà wò kó tó jáde. Mọ́tò tó ń gbé gíláàsì wíńdò sókè tán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún wọn. Ẹni tó ń ra páàtì wá òmíràn: ihò síkúrù kan náà, pílọ́ọ̀gì kan náà, owó rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ kéré. Ó fọwọ́ sí i. Ní tirẹ̀, kò ṣàṣìṣe kankan, mi ò sì dá a lẹ́bi títí di òní.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wíńdò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí a kò rí rí. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì á gòkè dé ìdajì, á dúró, á sì padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní mọ́tò ni kò dáa. Wọ́n tú u, wọ́n fi òmíràn sí i, bákan náà ni. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ló wọ́. Wọ́n tú ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń tú, tí a ń dè, bọ́ọ̀sì ń pọ̀ sí i nínú ọgbà. Ọ̀dọ́ kan ní kí a kúkú wá ọ̀nà láti pa ohun tó ń dá gíláàsì padà náà. Mo dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbà fún un, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Bàbá kan wà níbẹ̀, rewáyà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń gbé Zaria kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n so mítà mọ́ mọ́tò náà, wọ́n tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, mọ́tò yìí kò ṣàìsàn. Ẹnì kan ló ń sọ fún un pé kó padà. Ẹ lọ bá mi wá ẹni náà.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wíńdò máa ń padà kó má baà fún ọmọdé lọ́wọ́ tàbí lọ́rùn pa. Brain box ilẹ̀kùn ń wo iye iná tí mọ́tò ń fà. Bí iye náà bá ṣàdédé pọ̀, ó gbà pé ara ènìyàn ló há sí gíláàsì, á dá a padà lójú ẹsẹ̀. Mọ́tò tuntun yìí ń fa iná ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Oṣù kìíní la sì wà, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku ti kún inú rọ́bà tí gíláàsì ń gbà gòkè, gíláàsì wá le láti gbé. Sọ́fítíwíà rí iná tó pọ̀, ó ní ọwọ́ ọmọdé ni. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, èyí tó sọ iye iná tó gbọ́dọ̀ dá gíláàsì padà, ló fà á. Ẹni tó kọ nọ́ńbà náà wà lókè òkun, kò gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ mọ́tò. Ẹni tó pààrọ̀ mọ́tò kò mọ̀ pé nọ́ńbà kan wà. Ìwé àkójọ páàtì tí a ń lò ní láìnì ní orúkọ mọ́tò, ó ní ti síkúrù, gọ́ọ̀mù pàápàá wà níbẹ̀. Sọ́fítíwíà nìkan ni kò sí nínú ìwé náà.

Nígbà tí wọ́n fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò, ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi tún bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá ẹni tí a ó bi.

Àwọn tó lówó náà ti kó sínú irú kòtò yìí. Ní 2006, Airbus kéde pé ọkọ̀ òfuurufú A380 yóò pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣèlérí lọ. Wáyà inú ọkọ̀ yẹn tó nǹkan bíi kìlómítà 530, bíi kí ẹyẹ fò tààrà láti Abuja dé Lagos. Nígbà tí wáyà tí wọ́n tò ní Hamburg ní Jámánì dé Toulouse ní Faransé, kò gùn dé ibi tó yẹ kó dé. Àwọn ará Jámánì ń fi ẹ̀dà kẹrin CATIA, sọ́fítíwíà ìyàwòrán, ṣe àwòrán wáyà náà, àwọn ará Faransé ń lo ẹ̀dà karùn-ún, àwòrán méjèèjì kò sì bára mu. Ti ọkọ̀ ilẹ̀ náà ń bẹ: oṣù kọkànlá 2019 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ID.3, ọkọ̀ oníná mànàmáná, ní Zwickau ní Jámánì. Irin ti délẹ̀, bátìrì ti délẹ̀, sọ́fítíwíà ni kò tíì pé. Nígbà tí àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ gba ọkọ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2020, iṣẹ́ méjì tí wọ́n ṣèlérí kò tíì sí nínú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa retí wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Volvo náà sún ìbẹ̀rẹ̀ títo EX90 síwájú ní 2023 nítorí sọ́fítíwíà.

Kí ló ń fà á? Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà. Mi ò gbà. Ìlù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jó sí. Ẹni tó fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n á fi tẹ páànù. Ó ń gba oṣù púpọ̀, owó rẹ̀ ga, bó bá sì ti gbẹ́ ẹ tán, ọ̀ràn ti bọ́. Nítorí náà ó ń tètè dúró lórí ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà láàárín òru, kó sì tún un yí kí ilẹ̀ tó mọ́. Agbára ńlá nìyẹn, ó sì ń dẹ ẹni: ó ń sún ìpinnu síwájú torí pé ó ṣeé sún. Ọjọ́ láìnì á wá pé, ilẹ̀kùn ti dúró nílẹ̀ láti bí ọdún kan, sọ́fítíwíà tí yóò ṣí i kò tíì dúró sójú kan.

Ẹ wo télọ̀. Bó bá ti gé aṣọ, ẹ ṣì lè yí bọ́tìnnì padà, ẹ lè yí iṣẹ́ ọrùn padà, ẹ ò lè yí ìbú èjìká padà mọ́. Èjìká ọkọ̀ ni bí wáyà ṣe máa yára tó, iye ohun tí brain box lè gbà sórí, ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń gbé, iye iná tí mọ́tò gbọ́dọ̀ fà. Ìwọ̀nyí ni kí àwọn onírin àti àwọn onísọ́fítíwíà jọ fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan. Àwọ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú awakọ̀ lè dúró dọ̀la, bọ́tìnnì nìyẹn.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ní àwọn fáktọ́rì ńláńlá, ọkọ̀ kan ń jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan síra. Ká ní sọ́fítíwíà tí a fẹ́ gbé sínú ọkọ̀ jẹ́ gígábáìtì 1. Wáyà CAN tó wọ́pọ̀ ń gbé kílóbíìtì 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Kódà bí nǹkan mìíràn kò bá gba ojú wáyà náà kọjá, wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Láìnì wo ló lè dúró dè é? Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tuntun fi ń lo Ethernet, ìlànà wáyà tó yára ju CAN lọ, tí wọ́n sì ń ní kí ẹni tó ń ta brain box ti kọ èyí tó pọ̀ jù sínú rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ọ̀nà yẹn dára, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tó wà nínú brain box lè ti di ẹ̀dà àtijọ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ ní Apapa, kí tírélà tó gbé e dé Kaduna. Ẹni tó mọ bí tírélà ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà níjókòó nígbà tí wọ́n bá ń pinnu èyí tí wọ́n á kọ sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún àti èyí tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ iná náà ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń kọ sọ́fítíwíà sínú brain box, bátìrì ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí iná bá já lágbedeméjì, brain box lè kú. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń bọ́ bátìrì náà ní gbogbo àkókò iṣẹ́, pẹ̀lú íńfátà tí yóò gbà á láàárín ìgbà tí NEPA mú iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ dáhùn. Ẹni tó ṣètò iṣẹ́ náà ní ìlú tí iná kì í lọ kò lè ronú kan èyí. Àwa la ó sọ fún un, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà fáktọ́rì fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìtòkọ̀ Toyota 14 ní Japan dúró. Àyè tán lórí kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ páàtì, ìyẹn ló fà á. Àwọn tó kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ ni o. Bí àwa bá tún wá gbé láìnì wa ka orí kọ̀ǹpútà kan tó wà lókè òkun, tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kó tó ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, kí ni a ó ṣe?

Ní 2018, ìwé ìròyìn Consumer Reports dán bírékì Tesla Model 3 wò. Láti eré máìlì 60 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ bàtà 152 ni ọkọ̀ náà rìn kó tó dúró. Ó jìn jù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Tesla fi ẹ̀dà sọ́fítíwíà tuntun ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, wọ́n tún un dánwò, ó di 133. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan táyà, wọn ò pààrọ̀ bírékì. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, ẹ̀rù sì bà mí. Bí bírékì bá lè sàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lè burú bákan náà, ìwé àyẹ̀wò tí òṣìṣẹ́ fáktọ́rì sì fọwọ́ sí ti di ìwé ọkọ̀ mìíràn. Àwọn ará Yúróòpù ti rí èyí. Òfin nọ́ńbà 156 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tó ti kan gbogbo ọkọ̀ tuntun lọ́dọ̀ wọn láti oṣù keje 2024, ní kí ilé-iṣẹ́ máa fi ẹ̀rí hàn pé òun mọ ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó wà nínú ọkọ̀, àti ohun tí ẹ̀dà tuntun yóò bà tàbí tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Láti 1993 ni ìjọba ti dá àjọ tó ń rí sí títo ọkọ̀ sílẹ̀, èyí tó ti di NADDC báyìí, Abuja níbí ni wọ́n wà. Ètò ọdún 2013 gbé owó ibodè ọkọ̀ tó ń wọlé sókè kí títò nílé lè jèrè. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé àdéhùn tí mo ti fojú ara mi kà, ojú ìwé lórí ojú ìwé ni wọ́n fi sọ nípa páànù, àga àti táyà tí a ó máa ṣe nílé, ìlà méjì péré ni ti sọ́fítíwíà. Ó dùn mí. Ohun tí mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí ẹ̀dà sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ìwé àkójọ kan náà tí síkúrù wà, kí ẹnì kan láti láìnì wa, rewáyà ni o, ẹnjiníà ni o, máa wà nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìyípadà, kó sì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n dúró, kí a lè dán àwọn nọ́ńbà tó kan ooru àti eruku wò nílẹ̀ wa, kí wọ́n sì gba èsì wa wọlé. Ooru oṣù kẹta ní Sókótó kò sí ní Stuttgart.

Ní Maiduguri, Mustapha Gajibo àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti yí bọ́ọ̀sì tó ń lo bẹtiróòlù padà sí ti iná mànàmáná. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ wọn kò tóbi. Níbi tó kéré bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń darí bátìrì lè pe ẹni tó ń jó irin, kí wọ́n jọ wo ọkọ̀ kan náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá dàgbà, wọ́n á pín ọ́fíìsì, wọ́n á pín ìlú, ìpè yẹn á sì di ohun tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣètò fún.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débẹ̀, àbúrò wa obìnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò ní Gwarinpa nawọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwa kì í to ọkọ̀. Tòkunbọ̀ là ń tún ṣe. Kí ló kàn wá nínú èyí?”

Mo bi í pé bí brain box bá kú, kí ló ń ṣe. Ó ní òun á lọ wá èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn, òun á fi sí i. Mo ní ṣé ó máa ń wo nọ́ńbà rẹ̀? Ó ní òun ń wo nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Mo ní nọ́ńbà ara nìyẹn, ti inú ń kọ́? Brain box méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ẹ̀dà sọ́fítíwíà inú wọn yàtọ̀, kí iná ABS, ìkìlọ̀ bírékì, máa tàn láìdáwọ́ dúró, kí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe sì máa rò pé wáyà ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ ìyẹ̀wò rẹ̀ lè ka ti inú jáde lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Mo ní kó kọ méjèèjì sílẹ̀ kó tó tú ti àkọ́kọ́ kúrò, bí èyí tó kú bá ṣì ń dáhùn, kó sì wò ó bóyá ti tuntun bá a mu kó tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ó ní ìwé máa ń sọnù ní ṣọ́ọ̀bù, òun á máa yà á ní fọ́tò sórí fóònù. Mo ní kó ya nọ́ńbà ọkọ̀ mọ́ ọn.